Ìwọlé Yàtọ̀ sí Ìjókòó: Ìtàn Àṣẹ Ìṣòwò Àlejò ní Douala

Ìbéèrè kan wà tí àwọn ọ̀dọ́ tó fẹ́ lọ dá òwò sílẹ̀ ní Kamẹrúùnù máa ń bi mí, nítorí wọ́n mọ̀ pé mo máa ń lọ sí Douala: "Ẹ̀gbọ́n, ṣé ọmọ Nàìjíríà nílò físà kó tó wọ ibẹ̀?" Ìdáhùn rẹ̀ kò gùn. Lónìí, ọmọ Nàìjíríà tó ní ìwé ìrìnnà tó péye lè wọ Kamẹrúùnù láìgba físà, kó sì lo àádọ́rùn-ún ọjọ́. Bí mo bá ti sọ báyìí, inú wọn a dùn, wọ́n a bẹ̀rẹ̀ sí í ṣírò iye ọjà tí wọ́n máa kó. Ibẹ̀ gan-an ni àyà mi ti máa ń já, nítorí ìbéèrè tó yẹ kí wọ́n bi mí kọ́ ni wọ́n bi mí.

Àṣẹ mẹ́ta ni àlejò tó fẹ́ ṣòwò nílẹ̀ onílẹ̀ ń wá. Èkíní ni àṣẹ láti wọlé. Èkejì ni àṣẹ láti jókòó, ìyẹn láti máa gbé ìlú náà. Ẹ̀kẹta ni àṣẹ láti tajà: kó gba ṣọ́ọ̀bù, kó forúkọ ilé-iṣẹ́ sílẹ̀, kó lè pe ẹni tó jẹ ẹ́ lówó lẹ́jọ́, kí adájọ́ sì dá a lóhùn. Físà jẹ mọ́ èkíní nìkan. Ohun tí ìtàn Douala fi kọ́ mi ni pé láti ayébáyé, ìwọlé kò wọ́n níbẹ̀. Ìjókòó àti ọjà ni onílé ń ṣọ́. Àlejò tó bá ka èkíní sí gbogbo rẹ̀ yóò kó ẹrù rẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n mi ò lè fọwọ́ sọ̀yà pé yóò kó o bọ̀.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti ìgbà tí òyìnbó jẹ́ àlejò, tí àwọn ọba Duala sì jẹ́ onílé. Etí odò Wouri, níbi tó ti ń wọ òkun, ni ìlú náà wà. Edé tí àwọn atukọ̀ Pọtogí rí nínú odò náà pọ̀ débi pé wọ́n pè é ní Rio dos Camarões, odò edé. Láti inú orúkọ yìí ni Kamẹrúùnù ti jáde. Ọkọ̀ òyìnbó èyíkéyìí lè wọ odò náà, kò sẹ́ni tó ń dá a dúró. Ṣùgbọ́n kí ọ̀gá ọkọ̀ tó lè ra eyín erin tàbí epo pupa, ó gbọ́dọ̀ san owó kan fún ọba, èyí tí wọ́n ń pè ní comey. Owó oníbodè ni kí a pè é ní èdè tiwa. Bí kò bá san án, yóò dúró lórí omi títí oúnjẹ rẹ̀ yóò fi tán. Bí ọba bá sì bínú sí i lẹ́yìn tó ti san án, ọba lè kéde pé kí ẹnikẹ́ni má bá a tajà mọ́, òwò rẹ̀ á sì dúró gbagidi.

Ohun tó tún yà mí lẹ́nu nínú ìtàn náà ni ibi tí àwọn òyìnbó wọ̀nyẹn ń sùn. Fún ìgbà pípẹ́, orí omi ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ń gbé. Ògbólógbòó ọkọ̀ ojú omi tí kò lè rìnrìn àjò mọ́ ni wọ́n so mọ́ àárín odò, tí wọ́n fi òrùlé bò, tí wọ́n sọ di ilé àti ṣọ́ọ̀bù. Wọ́n ti wọlé, ṣùgbọ́n wọn kò tíì jókòó. Àwọn Duala ló ń gba ọjà lọ́wọ́ wọn ní àwìn, tí wọ́n ń fi ọkọ̀ ọ̀pẹẹrẹ gbé e gba ojú odò lọ sí àárín ìlú, tí wọ́n sì ń kó epo àti eyín erin bọ̀. Òyìnbó kò gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé wọn débẹ̀. Ẹni tó bá mọ ìtàn Ìjẹ̀bú yóò rántí pé bẹ́ẹ̀ náà ni Ìjẹ̀bú ṣe dúró láàárín Èkó àti ìlú òkè. Ará òkè kì í la ilẹ̀ wọn kọjá lọ tajà létí òkun, ará Èkó kì í sì í gba ibẹ̀ gòkè. Ogun Ìmágbọ̀n, ní oṣù Karùn-ún ọdún 1892, ni Gẹ̀ẹ́sì fi ṣí ọ̀nà yẹn tipátipá.

Ní Douala, ìwé ni wọ́n kọ́kọ́ fi ṣí i. Ní ọjọ́ 12 oṣù Keje ọdún 1884, Ọba Bell àti Ọba Akwa fọwọ́ sí àdéhùn pẹ̀lú àwọn ilé-iṣẹ́ oníṣòwò Jámánì méjì, Woermann àti Jantzen & Thormählen. Ọjọ́ méjì lẹ́yìn èyí ni Gustav Nachtigal ta àsíá Jámánì níbẹ̀. Aṣojú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì tó ń bọ̀ wá ṣe irú rẹ̀ pẹ́ kó tó dé, ọjọ́ díẹ̀ péré ló sì fi pẹ́. Àwọn ọba náà kì í ṣe aláìmọ̀kan. Nínú àdéhùn náà àti nínú ìwé ẹ̀bẹ̀ tí wọ́n kọ, wọ́n sọ ohun tí wọ́n fẹ́ pa mọ́: kí owó comey máa wọlé bíi ti tẹ́lẹ̀, kí ilẹ̀ ìlú àti oko máa jẹ́ ti àwọn tó ni ín àti àwọn ọmọ wọn, kí òyìnbó má sì lọ bá àwọn ará ìgbèríko tajà fúnra rẹ̀. Ẹ wò ó dáadáa. Àṣẹ ìwọlé ni wọ́n rò pé àwọn ń fún Jámánì. Wọ́n fẹ́ di ìjókòó àti ọjà mú sọ́wọ́ ara wọn.

Wọn kò rí i dì mú. Kí ọ̀rúndún tó tẹ̀ lé e tó bẹ̀rẹ̀, Jámánì ti já ọ̀nà ìṣòwò gbà lọ́wọ́ wọn. Ilẹ̀ ló kù. Láti 1910 ni ìjọba Jámánì ti ń gbèrò láti lé àwọn Duala kúrò ní òkè etí odò tí wọ́n ń pè ní Joss, kí òyìnbó nìkan máa gbé ibẹ̀, kí wọ́n sì kó onílẹ̀ lọ sí ibi tuntun kan lẹ́yìn ìlú. Rudolf Duala Manga Bell, ọba tó ti lọ kàwé ní Jámánì fúnra rẹ̀, fi àdéhùn 1884 dúró níwájú wọn. Ó kọ̀wé, ó bẹ agbẹjọ́rò, ó ké sí ilé aṣòfin Jámánì. Ní ọjọ́ 8 oṣù Kẹjọ ọdún 1914, nígbà tí Ogun Àgbáyé Kìíní ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, wọ́n yẹgi fún òun àti akọ̀wé rẹ̀, Ngoso Din, wọ́n ní ọ̀dàlẹ̀ ni wọ́n.

Mo ń sọ ìtàn yìí fún ẹni tó fẹ́ ṣòwò nítorí àwòrán ìlú náà lónìí ni. Òkè Joss yẹn ni Bonanjo, ibi tí ọ́fíìsì ìjọba àti báǹkì ti pọ̀ sí jù ní Douala. Ibi tuntun tí wọ́n fẹ́ kó onílẹ̀ lọ ni New Bell. Nígbà tí Faransé gba ìlú náà lẹ́yìn ogun, New Bell di àdúgbò àwọn àlejò: ará Bamiléké, ará Yaoundé, Haúsá, àti àwọn tó wá láti Nàìjíríà àti láti etí òkun lápá ìwọ̀-oòrùn. Ọjà kan wà ní New Bell títí di òní tí wọ́n ń pè ní Marché Lagos. Ọmọ Yorùbá tó bá dúró síbẹ̀, tó ń wo bí wọ́n ṣe ń na ọjà lábẹ́ orúkọ Èkó, yóò mọ̀ pé òun kọ́ ni àlejò àkọ́kọ́.

Báwo ni àwọn àlejò ìgbà yẹn ṣe jókòó? Ìjọba Faransé ń béèrè ìwé àṣẹ ìrìn lọ́wọ́ àwọn ènìyàn dúdú, ọlọ́pàá sì máa ń ká wọn mọ́ New Bell láti wá ẹni tí kò ní ìwé, tàbí ẹni tí kò tíì san owó orí. Ṣùgbọ́n ìwé nìkan kọ́ ló ń mú àlejò dúró. Ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan ní olórí tí ìjọba mọ̀. Ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé a lọ sọ́dọ̀ olórí àwọn ènìyàn rẹ̀. Olórí yìí ló ń wá ilé fún un, tó ń dúró fún un níwájú ọlọ́pàá, tó ń parí ìjà láàárín òun àti oníbàárà rẹ̀. Ètò yìí kò ṣàjèjì sí Yorùbá. Níbikíbi tí alájàpá wa bá dé, yálà ní Kánò ni o, ní Tàmálè ni o, onílé tó gbà á sílé ló ń dúró fún un nínú ọjà. Ohun tó sọ onílé di onígbọ̀wọ́ ni pé gbogbo ọjà ló mọ̀ ọ́n. Bí àlejò bá sá lọ, ọwọ́ onílé ni wọ́n ti máa gba gbèsè.

Ètò yìí dára, mi ò sì fojú kéré rẹ̀. Àléébù rẹ̀ kan ṣoṣo ni pé kò ní àkọsílẹ̀. Níwọ̀n ìgbà tí ìjọba kò bá béèrè, gbogbo nǹkan ń lọ déédéé. Ọjọ́ tí ìjọba bá yí padà, tí ó ní kí àlejò mú ìwé jáde, ojú onílé tó mọ̀ ọ́n láti ogójì ọdún kò ní lè rọ́pò ìwé.

Bí ìjọba ṣe lè yí padà lọ́sàn-án kan òru kan, ìhà ìwọ̀-oòrùn Kamẹrúùnù ló fi hàn jù. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kìíní, Faransé àti Gẹ̀ẹ́sì pín Kamẹrúùnù. Èyí tó pọ̀ jù bọ́ sọ́wọ́ Faransé, Douala sì wà nínú rẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì mú ìpín tó tẹ̀ mọ́ Nàìjíríà, ó sì ń ṣàkóso rẹ̀ pọ̀ mọ́ Nàìjíríà. Nítorí náà, fún ohun tó lé ní ogójì ọdún, ẹni tó bá kúrò ní Calabar lọ sí Victoria, Tiko tàbí Kumba kò lọ sí òkè òkun rárá. Owó kan náà ni wọ́n ń ná, òfin kan náà ló dè wọ́n. Àwọn ará Nàìjíríà, Ìgbò ló pọ̀ jù nínú wọn, kún inú oko ńláńlá àti ọjà ibẹ̀. Wọ́n wọlé, wọ́n jókòó, wọ́n tajà, kò sẹ́ni tó bi wọ́n léèrè àṣẹ.

Ní ọjọ́ 11 oṣù Kejì ọdún 1961, wọ́n ní kí àwọn ará gúúsù ìpín Gẹ̀ẹ́sì yìí dìbò: ṣé Nàìjíríà ni wọ́n fẹ́ dara pọ̀ mọ́ ni, àbí Kamẹrúùnù tó ti gbòmìnira lọ́wọ́ Faransé? Ẹni 233,571 mú Kamẹrúùnù, ẹni 97,741 mú Nàìjíríà. Oríṣiríṣi nǹkan ló fa ìbò náà, ṣùgbọ́n ọ̀kan nínú wọn kò fara sin: inú ọ̀pọ̀ ará ibẹ̀ kò dùn sí bí àlejò láti Nàìjíríà ṣe gba ọjà àti iṣẹ́ ìjọba mọ́ wọn lọ́wọ́. Nígbà tó di ọjọ́ 1 oṣù Kẹwàá ọdún yẹn, oníṣòwò ará Nàìjíríà tó sùn sí Kumba gẹ́gẹ́ bí ọmọ ilé jí gẹ́gẹ́ bí àlejò. Kò kúrò lójú kan. Ọdún kejì, wọ́n fi owó CFA rọ́pò pọ́n-ún tó wà nínú àpótí rẹ̀.

Ìjọba méjèèjì mọ̀ pé ó yẹ kí àwọn ṣe nǹkan kan. Ní oṣù Kejì ọdún 1963, wọ́n fọwọ́ sí àdéhùn lórí ìrìn àwọn ènìyàn àti ẹrù láàárín Nàìjíríà àti Kamẹrúùnù. Ọdún méjìlá ni àdéhùn yìí fi ju ECOWAS lọ. Láti inú irú àjọṣe yìí ni ìwọlé láìgba físà tí à ń jẹ lónìí ti wá. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí orúkọ rẹ̀: ìrìn. Ìrìn ni wọ́n ṣàdéhùn lé lórí. Ẹni tó rìn dé tí kò fẹ́ padà, tó fẹ́ gba ṣọ́ọ̀bù, òfin onílé ni yóò tẹ̀ lé.

Àwa Yorùbá ló yẹ kí a mọ èyí ju ẹnikẹ́ni lọ, nítorí ojú wa rí i ní Gánà. Ìran dé ìran ni àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́, Ìgbòho, Ìgbẹ́tì, Ṣakí àti Ìlọrin fi ń tajà ní Tàmálè, Kumasi àti Accra. Ní Accra, obìnrin Yorùbá tó ní ìsọ̀ kékeré létí ilé di ohun tí gbogbo ènìyàn mọ̀ débi pé wọ́n fi orúkọ fún un: Mami Alata. Nígbà ayé Gẹ̀ẹ́sì, wọn kò nílò ìwé kankan láti gbé ibẹ̀. Nígbà tí Gánà gbòmìnira ní 1957, ọ̀pọ̀ nínú wọn kò rí ìdí tó fi yẹ kí wọ́n lọ wá ìwé. Ta ni yóò bi ẹni tí wọ́n bí sínú ọjà Tàmálè pé níbo ni àṣẹ rẹ̀ wà?

Ní ọjọ́ 18 oṣù Kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Busia béèrè. Ó fún gbogbo àlejò tí kò ní ìwé ìgbé ní ọ̀sẹ̀ méjì péré láti gba ìwé tàbí kí wọ́n kúrò ní Gánà. Ọ̀sẹ̀ méjì kò tó fún ẹni tó ní ilé, oko kòkó àti àwìn tó fọ́n káàkiri ọjà mẹ́ta. Wọ́n ta ilé ní ọ̀pọ̀, wọ́n fi gbèsè sílẹ̀ fún ẹni tó jẹ wọ́n, wọ́n kó ọmọ sínú ọkọ̀. Ọ̀pọ̀ ọmọ tó bọ́ọ́lẹ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́ lọ́dún yẹn kò rí ìlú náà rí. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, Gánà ṣe òfin tó fi ọ̀pọ̀ òwò kéékèèké sílẹ̀ fún ọmọ onílẹ̀ nìkan. Ohun tó dun èmi jù nínú ìtàn yìí ni pé àwọn tó ní ìwé lọ́wọ́ ní ẹsẹ̀ tí wọ́n lè fi dúró. Ìwé náà kò lè pa ìkórìíra, ṣùgbọ́n ó lè fún ènìyàn ní àsìkò, àsìkò yìí sì ni owó oníṣòwò.

Ẹ má jẹ́ kí a sọ ọ́ bíi pé aráyé nìkan ló ń fìyà jẹ wá. Ẹni da eérú ni eérú ń tọ̀. Ní 1972, ìjọba ológun Nàìjíríà ṣe òfin tó fi irú òwò kan, pẹ̀lú ọjà títà ní wẹ́wẹ́, sílẹ̀ fún ọmọ Nàìjíríà nìkan. Ní oṣù Kìíní ọdún 1983, ìjọba Shehu Shagari pàṣẹ kí àwọn àlejò tí kò ní ìwé kúrò láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Ará Gánà ló pọ̀ jù nínú wọn, àmọ́ ará Kamẹrúùnù náà wà nínú wọn. Báàgì onílà tí wọ́n fi kó ẹrù ló di "Ghana Must Go" lẹ́nu wa títí di òní. Ọ̀sẹ̀ méjì tí Gánà fún wa, ọ̀sẹ̀ méjì náà ni a san padà.

Èyí tó tún ṣe pàtàkì ni pé ECOWAS ti wà nígbà náà. Àdéhùn ECOWAS tí wọ́n fọwọ́ sí ní Dakar ní ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 1979 ti pín ọ̀rọ̀ náà sí ọ̀nà mẹ́ta gẹ́lẹ́ bí mo ṣe pín in lókè: ìwọlé, ìgbé, àti dídá iṣẹ́ sílẹ̀. Wọ́n ní kí ọ̀kọ̀ọ̀kan tẹ̀ lé èkejì láàárín ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ìwọlé fún àádọ́rùn-ún ọjọ́ ló tètè dúró. Ẹ̀kẹta ṣì ń ta gọ́ọ́gọ́ọ́. Òfin Gánà ti 2013 lórí ìdókòwò fi títà nínú ọjà sílẹ̀ fún ọmọ Gánà, ó sì ní kí àlejò tó fẹ́ ṣòwò ọjà títà mú ó kéré tán mílíọ̀nù kan dọ́là wá. Lórí òfin yìí ni wọ́n ṣe ti ṣọ́ọ̀bù ọ̀pọ̀ ọmọ Nàìjíríà pa ní Kumasi àti Accra ní 2019 àti lẹ́yìn rẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ bá rí báyìí nínú ilé kan náà, kí ni kí a retí ní Kamẹrúùnù, tí kò sí nínú ECOWAS rárá?

Nítorí àárín gbùngbùn Áfíríkà ni Kamẹrúùnù ka ara rẹ̀ sí. ECCAS àti CEMAC ni ẹgbẹ́ tirẹ̀. Ẹ̀tọ́ tí ọmọ Nàìjíríà ní ní Cotonou tàbí ní Lomé kò tẹ̀ lé e dé Douala. Ọ̀rọ̀ Bakassi sì tún da iyẹ̀pẹ̀ sí gààrí. Ní 1994, àwọn ọmọ ogun méjèèjì kọjú ìjà síra wọn níbẹ̀, Kamẹrúùnù sì gbé ẹjọ́ lọ sí Ilé Ẹjọ́ Àgbáyé ní The Hague. Ní ọjọ́ 10 oṣù Kẹwàá ọdún 2002, ilé ẹjọ́ dá Kamẹrúùnù láre. Àdéhùn Greentree ti 2006 ni wọ́n fi parí rẹ̀, Nàìjíríà sì kúrò níbẹ̀ pátápátá ní oṣù Kẹjọ ọdún 2008. Ní gbogbo ọdún wọ̀nyẹn, ọmọ Nàìjíríà tó ń ta ẹ̀yà ara mọ́tò ní Douala mọ̀ pé bí ìròyìn Bakassi bá ti gbóná lórí rédíò, kí òun fi ìwé òun sápò kí òun tó jáde.

Láàárín ìjà yìí ni òfin tó wà nílẹ̀ títí di òní jáde. Òfin ọjọ́ 10 oṣù Kìíní ọdún 1997 ló sọ bí àlejò ṣe lè wọ Kamẹrúùnù, bó ṣe lè gbé ibẹ̀, àti bó ṣe máa jáde. Ìwé méjì ló ṣe kókó nínú rẹ̀. Carte de séjour jẹ́ ìwé ìgbé ọdún méjì, wọ́n sì máa ń tún un ṣe. Carte de résident jẹ́ ti ọdún mẹ́wàá, fún ẹni tó ti pẹ́ níbẹ̀. Ẹ béèrè lọ́wọ́ ọmọ Nàìjíríà èyíkéyìí ní Mboppi, ọjà alátapọ̀ ńlá Douala. Yóò sọ fún yín pé gbólóhùn Faransé tí òun kọ́kọ́ mọ̀ ni "carte de séjour", kódà kí ó tó mọ bí wọ́n ṣe ń kí ènìyàn. Ìdí ni pé ẹni tó lo àádọ́rùn-ún ọjọ́ tán, tí kò ní káàdì yìí, ti di ẹni tí ọlọ́pàá èyíkéyìí lè dá dúró lójú pópó. Yóò fún wọn lówó lónìí, yóò fún wọn lọ́la, bí ó bá sì ṣírò rẹ̀ lópin ọdún, owó náà lè ju owó káàdì lọ.

Káàdì yìí náà kò tíì tó. Ó lè mú ọ jókòó, kò lè mú ọ tajà. Òfin ìṣòwò Kamẹrúùnù jẹ́ ti OHADA, àjọ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Port Louis ní oṣù Kẹwàá ọdún 1993, tí orílẹ̀-èdè mẹ́tàdínlógún wà nínú rẹ̀ báyìí. Òfin kan náà ló ń darí ilé-iṣẹ́, gbèsè àti ìdúró ní gbogbo wọn. Olóòótọ́ oníṣòwò gbọ́dọ̀ ní orúkọ nínú ìwé àkọsílẹ̀ tí wọ́n ń pè ní RCCM. Láti oṣù Kejìlá ọdún 2010, òfin náà tún fàyè sílẹ̀ fún oníṣòwò kékeré láti kàn kéde òwò rẹ̀, láìla gbogbo ìlànà ńlá kọjá. Bẹ́níìnì àti Tógò wà nínú OHADA, Nàìjíríà kò sí níbẹ̀. Nítorí náà, ọmọ Kétu tó wà ní Bẹ́níìnì mọ òfin tí yóò bá pàdé ní Douala, nítorí òun ni wọ́n ń lò nílé rẹ̀. Ìbátan rẹ̀ ní Ìmẹ̀kọ, tí wọ́n jọ ń sọ èdè kan náà, tí ibodè nìkan pààlà láàárín wọn, yóò bẹ̀rẹ̀ láti álífábẹ́ẹ̀tì.

Mo ti gbọ́ tí àwọn kan ń sọ pé ìwé ò ṣe pàtàkì tó bẹ́ẹ̀, pé ẹni tó bá ti mọ ènìyàn nínú ọjà, tó fi orúkọ ọmọ onílẹ̀ gba ṣọ́ọ̀bù, ti rí ọ̀nà. Mo mọ ìdí tí wọ́n fi ń sọ bẹ́ẹ̀. Ìwé ń wọ́n, ó ń pẹ́, Faransé ni wọ́n fi kọ ọ́, ọ̀pọ̀ ẹni tó wà lẹ́nu ọ̀nà sì ń fẹ́ kí a bu òróró sí i. Ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n ń ṣàpèjúwe yìí ni ètò New Bell àtijọ́, ètò onílé tó ń gbọ̀wọ́. A ti rí ibi tó ti ń já. Ṣọ́ọ̀bù tó wà lórúkọ ẹlòmíràn, ti ẹlòmíràn ni. Bí ọ̀rẹ́ yẹn bá kú, àwọn ọmọ rẹ̀ kò mọ̀ ọ́. Bí ìjọba bá yí ohùn padà, ọ̀rẹ́ náà ní láti yan láàárín ìwọ àti ara rẹ̀. Àjèjì lójú, ṣùgbọ́n kò fi ríran. Ìwé ni ojú tí àjèjì lè fi ríran níwájú adájọ́.

Kò yẹ kí a wá di gbogbo ẹrù náà lé oníṣòwò lórí. Ìjọba Nàìjíríà fẹ́ràn láti máa ka iye orílẹ̀-èdè tí a lè wọ̀ láìgba físà, bíi pé ibẹ̀ ni iṣẹ́ parí sí. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí àdéhùn Áfíríkà lápapọ̀ fi hàn pé kì í ṣe tiwa nìkan. Láti ọjọ́ 1 oṣù Kìíní ọdún 2021 ni òwò ti bẹ̀rẹ̀ lábẹ́ AfCFTA, ọjà kan ṣoṣo fún Áfíríkà, Nàìjíríà àti Kamẹrúùnù sì wà nínú rẹ̀. Àdéhùn kejì, èyí tó fún ènìyàn ní ẹ̀tọ́ láti wọlé, láti gbé, àti láti dá iṣẹ́ sílẹ̀ káàkiri Áfíríkà, ti wà nílẹ̀ láti oṣù Kìíní ọdún 2018. Orílẹ̀-èdè mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ló gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i pátápátá kó tó di òfin, ìwọ̀nba díẹ̀ ló sì tíì ṣe bẹ́ẹ̀. Ìyẹn ni pé páálí bisikíìtì ní ẹ̀tọ́ láti kọjá ibodè ju ẹni tó fẹ́ lọ tà á lọ.

Bí Nàìjíríà àti Kamẹrúùnù bá tún jókòó, ohun tó yẹ kí wọ́n fi kún àdéhùn 1963 kò pọ̀: iye owó ìwé ìgbé tí wọ́n kọ sí gbangba, tí kò yàtọ̀ láti ọ́fíìsì kan sí òmíràn, ìwé ọdún gígùn fún ẹni tó ti forúkọ òwò rẹ̀ sílẹ̀ tó sì ń san owó orí, ohun kan náà fún ará Kamẹrúùnù tó ń ṣòwò ní Èkó àti ní Calabar. Ẹ̀kẹta yìí ni kò yẹ kí a gbàgbé, nítorí a kò lè máa béèrè ní Douala ohun tí a kò lè fún ni ní Èkó.

Nítorí náà, bí ọ̀dọ́ kan bá tún bi mí bóyá Kamẹrúùnù ń gba físà, ohun tí mo máa ń sọ fún un báyìí ni pé kó má tíì ra ọjà. Kó kọ́kọ́ lọ pẹ̀lú báàgì kékeré. Kó fi àádọ́rùn-ún ọjọ́ tí wọ́n fún un wo ọjà, kó wá ẹgbẹ́ àwọn ará ilé tó wà níbẹ̀, kó béèrè lọ́wọ́ wọn bí wọ́n ṣe gba káàdì àti iye tó ná wọn, kó sì mọ ọ̀nà ọ́fíìsì tó ń forúkọ òwò sílẹ̀. Bó bá padà délé, kó wá ṣírò owó ìwé mọ́ owó ọjà, nítorí ọ̀kan náà ni wọ́n. Àwọn òyìnbó àtijọ́ gbé orí omi Wouri fún ọ̀pọ̀ ọdún kí wọ́n tó fẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀, síbẹ̀ wọ́n ń san owó oníbodè wọn. Ẹni tó bá ti mọ̀ pé orí omi ni òun ṣì wà kò ní fi gbogbo ẹrù rẹ̀ sínú ọkọ̀ kan.